Síìlì họ́ọ̀bù táyà iwájú Massey Ferguson 375 tún ti ń da gírísì: ṣé síìlì ni àbí bẹ́ríìn?

Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ katakata. Massey Ferguson 375 kan ni a fi ń túlẹ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń wa ọkọ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀, a kíyè sí i pé gírísì ń yọ lẹ́yìn táyà iwájú apá ọ̀tún, ó ń ta sí ara rímù, iyẹ̀pẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mẹkáníìkì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ yọ síìlì àtijọ́, ìyẹn òrùka rọ́bà tó ń dá gírísì dúró nínú họ́ọ̀bù ní àárín táyà, ó fi tuntun sí i, ó sì di gírísì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. A kò tíì túlẹ̀ jìnnà tí síìlì tuntun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í da gírísì bíi ti àkọ́kọ́. Ní báyìí, gírísì tó ń jáde ti dúdú, irin wẹ́wẹ́ tó ń dán sì wà nínú rẹ̀. Bí awakọ̀ bá yà sí òsì lórí ilẹ̀ líle, ó máa ń gbọ́ ìró kan tó ń rún nínú táyà náà.

Mẹkáníìkì wa ní síìlì tí wọ́n ń tà lóde báyìí ni kò dára, pé kí n ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ. Èmi kò fẹ́ máa ra síìlì lóṣooṣù. Ṣé bẹ́ríìn, ìyẹn irin tó ń jẹ́ kí táyà yí lórí ọ̀pá rẹ̀, ni kí n pààrọ̀? Bí ó bá jẹ́ òun ni, ṣé méjèèjì ni àbí èyí tó bàjẹ́ nìkan? Mo tún fẹ́ mọ bí nọ́ọ̀tù àárín họ́ọ̀bù ṣe yẹ kó le tó, nítorí pé ẹnì kan sọ fún mi pé kí a fún un mọ́ débi tí agbára wa bá mọ, ẹlòmíràn sì ní kí a fi sílẹ̀ kó dẹ̀.

Ọ̀gá Sípánà:

Ẹ kú iṣẹ́ oko, Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn. Irin wẹ́wẹ́ tí ẹ rí nínú gírísì yẹn ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín: bẹ́ríìn ló ń jẹ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ síìlì nígbà tí bẹ́ríìn ti jẹ, ẹ̀tẹ̀ ló fi sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá. Ètè síìlì jẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fara kan ọ̀pá tí họ́ọ̀bù ń yí lé lórí yíká. Bí bẹ́ríìn bá ti ní àlàfo, họ́ọ̀bù yóò máa mì, ètè yìí yóò máa ṣí ní apá kan, yóò sì máa há ní apá kejì bí táyà ti ń yí. Ibi tó bá ṣí ni gírísì ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni omi àti iyẹ̀pẹ̀ ń gbà wọlé. Kò sí síìlì tó lè fara da irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀, ì báà ṣe Jámánì ni wọ́n ti ṣe é.

Kò sì yà mí lẹ́nu pé apá ọ̀tún ni. Bí ẹ bá ń fi páláò onídíìsì túlẹ̀, inú poro tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni táyà ọ̀tún ń rìn. Ògiri poro ń ti táyà náà láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ sì fì sí apá ibẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tútù sì ń bo họ́ọ̀bù nígbà gbogbo. Apá òsì lè lo ọ̀pọ̀ ọdún sí i.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ fi igi dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì fa bíréékì ọwọ́. Ọ̀pá iwájú katakata kò dúró gbagidi bíi ti mọ́tò, orí píìnì kan ṣoṣo ní àárín ló ti ń fì sọ́tùn-ún sósì kí táyà lè máa tẹ̀ lé gegele ilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kàn fi jáàkì gbé apá kan, ara ọkọ̀ lè dà sí apá kejì. Ẹ gbá igi líle sí àárín ọ̀pá náà àti férémù ní ọ̀tún àti ní òsì kí ẹ tó gbé e, kí ẹ sì fi ìtì igi ńlá tàbí irin ìdúró gbé e ró kí ẹnikẹ́ni tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó.

Lẹ́yìn náà, ẹ di táyà mú ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, kí ẹ máa fi ọwọ́ kan tì í, kí ẹ sì máa fi èkejì fà á, nígbà tí ẹlòmíràn bá ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí họ́ọ̀bù nìkan bá ń mì, bẹ́ríìn ni. Ṣùgbọ́n bí họ́ọ̀bù àti irin tó gbé e bá jọ ń mì lórí ọ̀pá òòró tí táyà fi ń yà, búṣì ọ̀pá òòró yẹn ló ti jẹ, bẹ́ríìn tuntun kò sì ní wo àìsàn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ṣe àyẹ̀wò yìí, tí wọ́n á ná owó tán kí wọ́n tó rí i pé táyà ṣì ń jó. Ẹ yí táyà náà pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ fi ọwọ́ kejì kan irin tó gbé họ́ọ̀bù. Bí bẹ́ríìn bá ti jẹ, ẹ óò mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ yín kí ẹ tó gbọ́ ọ létí.

Ní ti títú u, ẹ yọ ìdérí kékeré iwájú, ẹ na kọ́tà-píìnì (wáyà tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tù tú), ẹ fà á yọ, ẹ tú nọ́ọ̀tù eléyín àti wọ́ṣà rẹ̀. Bẹ́ríìn kékeré ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí yín lọ́wọ́, ńlá àti síìlì wà lẹ́yìn họ́ọ̀bù. Ẹ wo ibi tí ètè síìlì àtijọ́ kọjú sí kí ẹ tó bá a jẹ́. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ gbogbo rẹ̀ mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ bẹ́ríìn kó máa yí fíìì bí àwọn ọmọ iṣẹ́ ti máa ń fi ṣeré, nítorí pé irin rẹ̀ lè fò jáde sí ènìyàn lójú. Ẹ gbé e sínú oòrùn, ẹ fi èékánná wọ́ ojú ibi tí àwọn irin róbótó náà ti ń yí. Bí èékánná bá kọ́ sí ihò wínníwínní, tàbí tí ẹ bá rí àwọ̀ búlúù tí ooru fà, tàbí ìlà ìpẹtà tó dúró ní ẹsẹẹsẹ bí àwọn irin náà ti tò, ẹ máa gbé e jù nù.

Bẹ́ríìn méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀, ti inú pẹ̀lú òrùka òde wọn, ìyẹn irin tó há sínú họ́ọ̀bù tí bẹ́ríìn ń yí nínú rẹ̀. Gírísì kan náà ló ń fọ̀ wọ́n, irin tó bọ́ lára ọ̀kan ti gba àárín èkejì kọjá. Fífi bẹ́ríìn tuntun sínú òrùka àtijọ́ jẹ́ ìfowóṣòfò, nítorí pé ojú àwọn méjèèjì kò ní bára mu.

Òrùka òde máa ń le yọ. Ẹ fi ọ̀pá idẹ gbá a láti inú, kí ẹ máa pààrọ̀ apá tí ẹ ń gbá. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, kí wẹ́dà fa ìlà iná kan yíká inú òrùka náà, kí ó má ṣe kan họ́ọ̀bù rárá. Bí ó bá ti tutù, òrùka yóò sún kì, yóò sì bọ́ fúnra rẹ̀. Fún ti tuntun, ẹ fi òrùka náà sínú fírísà mọ́jú, kí ẹ gbé họ́ọ̀bù sínú oòrùn. Ẹ lọ òrùka àtijọ́ ní ojú òkúta ìpọ́nrin kí ó dín díẹ̀, kí ẹ fi òun gbá tuntun wọlé títí ìró òòlù yóò fi yí padà, tó di ìró irin tó ti dé ìdí. Òòlù kò gbọdọ̀ kan òrùka tuntun ní tààrà, nítorí pé irin rẹ̀ le débi pé ó lè sán.

Nípa nọ́ọ̀tù tí ẹ béèrè, àwọn méjèèjì tó gbà yín nímọ̀ràn gba apá kan òótọ́. Ẹ kọ́kọ́ fún un mọ́ bí ẹ ti ń fi ọwọ́ kejì yí họ́ọ̀bù, kí àwọn irin náà lè jókòó dáadáa, títí họ́ọ̀bù yóò fi wúwo láti yí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú u títí họ́ọ̀bù yóò fi yí fàlàlà, kí ẹ wá fi ìka nìkan fún un padà. Bí ihò kọ́tà-píìnì kò bá bá eyín nọ́ọ̀tù mu, ẹ tú u díẹ̀ sí i, ẹ má ṣe fún un mọ́ kó lè bá a mu. Àlàfo tó yẹ kó kù kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, èyí tí ọwọ́ kàn lè fura sí. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá dárúkọ ìwọ̀n kan pàtó, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Gírísì: ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ inú bẹ́ríìn títí yóò fi yọ ní apá kejì, kí ẹ sì fi sí inú họ́ọ̀bù dé nǹkan bí ìdajì. Kíkún tí mẹkáníìkì yín kún un fọ́fọ́ wà lára ohun tó ti síìlì jáde.

Oníṣòwò Ẹ̀yà Ọkọ̀:

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Sípánà sọ pé pérépéré. Ti ọjà ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rere ti ń bàjẹ́.

Ẹ gbé bẹ́ríìn àtijọ́ lọ sí ọjà, ì báà ṣe Agodi Gate ní Ìbàdàn tàbí Ládipọ̀ l'Ékòó. Ẹ nu ojú rẹ̀ mọ́ kí ẹ lè ka nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára. Ẹ má ṣe sọ pé "ti iwájú Massey" kí ẹ sì dákẹ́, nítorí pé katakata kan náà lè ní ọ̀pá iwájú tó yàtọ̀ síra gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti tò ó, ẹni tó sì lò ó kí ẹ tó rà á lè ti pààrọ̀ nǹkan sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà méjì ṣe àpẹẹrẹ, kì í ṣe pé àwọn ni ti ọkọ̀ yín. Ihò inú 30208 jẹ́ mìlímítà 40, òde rẹ̀ jẹ́ 80, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 19.75. Ihò inú 32208 jẹ́ 40, òde rẹ̀ jẹ́ 80 bákan náà, ṣùgbọ́n fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 24.75. Bí ẹ bá ra 32208 dípò 30208, ó máa wọ ọ̀pá, ó máa wọ họ́ọ̀bù, inú yín á sì dùn, àfi ìgbà tí nọ́ọ̀tù kò bá dé ibi ihò kọ́tà-píìnì mọ́. Ní ti èyí tí wọ́n fi ìnṣì wọ̀n, ti inú àti òrùka òde ní nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: LM67048 ni ti inú, LM67010 ni òrùka rẹ̀. Ihò inú ti LM67048 jẹ́ ìnṣì kan àti ìdámẹ́rin, ìyẹn mìlímítà 31.75, nígbà tí ti 30206 jẹ́ 30 gééré. Ẹni tó bá ní "wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀" fẹ́ gba owó yín ni.

Ayédèrú bẹ́ríìn pọ̀ lóde, páálí rẹ̀ sì lè dán ju ti ojúlówó lọ. Ẹ wo bóyá nọ́ńbà ara irin bá ti páálí mu, bóyá ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́ tí kò sì ṣe wúruwùru, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí i kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń dún gírígírí. Ilé-iṣẹ́ SKF ní áàpù kan tó ń jẹ́ SKF Authenticate, tí a fi ń ya àwòrán bẹ́ríìn àti páálí rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn fún àyẹ̀wò. Bí iye owó tí wọ́n pè bá kéré jọjọ sí ti àwọn tó kù, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Èmi fúnra mi fara mọ́ bẹ́ríìn àlòkù tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere ju ayédèrú tuntun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà tuntun ni mò ń tà.

Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ọ̀gá. A ti tú u. Bẹ́ríìn ńlá ẹ̀yìn ni ojú rẹ̀ ti ṣí ní ọ̀nà méjì, òrùka rẹ̀ sì ti jẹ ní ìsàlẹ̀ nìkan, ní ibi tó ń gbé ẹrù. Ohun tó ń dààmú mi báyìí ni ara ọ̀pá: ibi tí ètè síìlì ti ń fara kàn án ti di ìlà jíjìn yíká, tí èékánná ń kọ́ sí. Túránà kan ní òun lè fi iná wẹ́dà kún un, kí òun sì gé e dọ́gba padà. Ṣé kí n gbà?

Túránà Ògbómọ̀ṣọ́:

Iṣẹ́ mi ni, nítorí náà ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó yẹ kó fẹ́ gba owó náà: ẹ má tíì gbà. Ọ̀pá yẹn ló gbé ìwọ̀n iwájú katakata, irin tí wọ́n ti fi iná sè kó le ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe é. Bí a bá fa iná wẹ́dà yíká ìdí rẹ̀, ooru á yí líle irin náà padà ní ibi tí ó ti ń ru ẹrù jù lọ, ìsán kékeré tí ojú kò rí lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kò ní ṣẹ́ lọ́jọ́ tí a ṣe é. Ìgbà tí táyà bá já sínú kòtò pẹ̀lú páláò lẹ́yìn ni yóò ṣẹ́.

Ohun tó dára jù ni ìbọ̀ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ṣe fún àtúnṣe ojú síìlì. A máa ń gbá a wọ orí ibi tó jẹ náà, síìlì tí ẹ ní lọ́wọ́ á sì bá a mu, nítorí pé irin rẹ̀ kò nípọn rárá. Ẹ fi vernier (irinṣẹ́ tí a fi ń wọn fífẹ̀ irin) wọn ọ̀pá náà ní ibi tí kò tíì jẹ, ìwọ̀n yẹn ni ẹ óò fi béèrè fún un. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ wo bí kòtò síìlì inú họ́ọ̀bù ti jìn tó. Nígbà mìíràn, àyè wà láti gbá síìlì dúró ní mìlímítà méjì ṣáájú tàbí lẹ́yìn ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kí ètè rẹ̀ lè bọ́ sórí irin tó ṣì dán. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dúró dọ́gba yíká. Ẹ fi pátákó pẹlẹbẹ bo ojú rẹ̀ kí ẹ tó gbá a, ẹ fi gírísì díẹ̀ sí ètè rẹ̀, kí ẹ sì fi sándípépà múlọ́múlọ́ nu ẹnu ọ̀pá, nítorí pé etí irin mímú kékeré kan tó ti gé síìlì kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan ti tó láti da gbogbo iṣẹ́ náà nù.

Apá tí sípíríìngì wẹ́rẹ́ wà ló máa ń kọjú sí ohun tí a fẹ́ dá dúró, ìyẹn gírísì inú. Bí síìlì yín bá ní ètè kejì tí kò ní sípíríìngì, ti eruku nìyẹn, òde ni ó kọjú sí.

Onírẹsì Fádámà:

Ẹ jẹ́ kí n yapa díẹ̀ sí Ọ̀gá Sípánà lórí ọ̀rọ̀ gírísì ìdajì. Ìmọ̀ràn mọ́tò tó ń sáré lọ́nà márosẹ̀ nìyẹn, níbi tí gírísì tó pọ̀ jù ti ń gbóná. Katakata kì í sáré. Nínú oko tiwa tó jẹ́ àkùrọ̀, àyè tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú họ́ọ̀bù, omi ni yóò gbà á. Bí họ́ọ̀bù bá gbóná láti ẹnu iṣẹ́, tó sì wọ inú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi gba ẹnu síìlì wọlé. Àwa máa ń kún un dáadáa ni. Ohun tó ń ti síìlì jáde ni kí ènìyàn máa fi ìbọn gírísì fà á wọlé láìdúró nígbà tí kò sí ibi tí èyí tó pọ̀ jù yóò gbà jáde.

Mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn tó bá ń ka èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ wọn jọ ń fà: ọ̀nà yín yàtọ̀. Nínú irú họ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, gíà ló wà níbẹ̀, ọ́ìlì ló sì wà nínú rẹ̀, kì í ṣe gírísì. Síìlì rẹ̀ máa ń jẹ́ oríṣi tí ètè pọ̀ nínú rẹ̀, tó ní irin tirẹ̀ láti yí lé, tí a kò sì lè fi òòlù lásán gbá wọlé láìbà á jẹ́. Bí ó bá ń da ọ́ìlì, ẹ kọ́kọ́ wá ihò ìmí tó wà lórí ọ̀pá iwájú kí ẹ tó tú ohunkóhun. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ooru á fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní agbára, á sì máa ti ọ́ìlì gba ibi tó rọ̀ jù, ìyẹn síìlì. Ẹ wo ẹ̀yìn họ́ọ̀bù náà fún okùn ọ̀rá àti koríko tó ti wé mọ́ ọn, torí pé okùn àpò ajílẹ̀ máa ń gé síìlì bí abẹ.

Ọ̀gá Sípánà:

Mo gba ti Onírẹsì fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi. Fún Ìṣẹ́yìn tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí wọ́n sì ń wa katakata láti oko kan sí èkejì lójú títì pẹ̀lú páláò lẹ́yìn, mo ṣì dúró lórí ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn, ẹ gba ti Túránà. Ní ti gírísì fúnra rẹ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ lithium (oríṣi gírísì) àti NLGI 2 (bí ó ṣe ki tó) sí lára, nínú agolo tí ẹ ṣí fúnra yín. Èyí tí wọ́n ń bù láti inú dúrọ́ọ̀mù sínú ọ̀rá, ẹ kò lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì sọ oríṣi tó jẹ́. Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Oríṣi kan lè tú èkejì kó di omi, a ó sì tún máa sọ pé síìlì kò dára.

Kọ́tà-píìnì tuntun ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí ẹ nà. Bí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù ọ̀tún, kí ẹ sì kan ti òsì. Kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bí ọwọ́ kò bá lè dúró lára rẹ̀, nọ́ọ̀tù ti le jù, ẹ tú u sí eyín tó kàn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ tún gbé e sókè, kí ẹ mì í wò, nítorí pé òrùka tuntun tí kò jókòó dé ìdí lọ́jọ́ tí ẹ gbá a máa ń wọlé sí i nígbà tí ẹrù bá dé bá a, àlàfo á sì yọ. Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ yín náà, ẹ sọ fún un kí ó má ṣe dojú omi alágbára kọ ẹ̀yìn táyà iwájú mọ́.